Pípààrọ̀ Ẹ̀yà Abẹ́ Iwájú Ọkọ̀ Tó Ti Gbó Nínú Ọgbà Ilé

Ní Òṣogbo, ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún awakọ̀ pé abẹ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gbó. Ọkọ̀ á kúrò lórí ọ̀dà, á bọ́ sí àdúgbò tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé ẹnì kan á gbọ́ ìró náà, á ní ṣọ́ọ̀kì ti kú, ẹni tó ni ọkọ̀ á ra ṣọ́ọ̀kì méjì, ìró náà kò sì ní lọ, nítorí pé líńkéèjì, ọ̀pá kékeré kan tí owó rẹ̀ kéré jìnnà sí ti ṣọ́ọ̀kì, ló ń ké. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí yóò fi pẹ́ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń mọ ẹ̀yà tó gbó gan-an kí a tó fọwọ́ kan sípánà, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù lọ.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008, tó pọ̀ nígboro wa, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí ló jọ tirẹ̀. Ètò náà ni wọ́n ń pè ní MacPherson, wọ́n fi sọrí Earle MacPherson, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé e kalẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìn wà pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó kan ṣoṣo. Òpó náà di irin ńlá tí họ́ọ̀bù táyà wà lára rẹ̀ mú láti òkè, irin yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́kùlù. Lọ́wà áàmù, apá irin tó wà nísàlẹ̀, di ìsàlẹ̀ nọ́kùlù náà mú pẹ̀lú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ìyẹn ojúkò tó ní bọ́ọ̀lù nínú, táìrọ́ọ̀dù sì ń tì í sọ́tùn-ún sósì bí awakọ̀ bá ti ń yí sítíárìn. Ọ̀pá kan tún wà tó so apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ apá òsì kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ jù ní kọ́nà, líńkéèjì ló sì so ọ̀pá náà mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ti lè nawọ́ sí àwọn ẹ̀yà yìí lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí kò nílò jáàkì

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa lókè táyà, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣì lágbára, ọkọ̀ á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró, ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ sókè-sódò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, agbára ṣọ́ọ̀kì náà ti tán. Ẹ wo ara rẹ̀ pẹ̀lú: bí epo bá ti ṣàn sí i lára, tí eruku sì ti lẹ̀ mọ́ epo náà, ó ti ń jò. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú kì í sábà pariwo tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Mímì àti fífò ọkọ̀ ni àmì tirẹ̀, nígbà tí ìró kéékèèké tó ń yára tẹ̀léra lórí ọ̀nà gbágungbàgun sábà máa ń wá láti ara líńkéèjì.

Láti dán líńkéèjì wò, ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ na ọwọ́ gba ẹ̀yìn táyà, kí ẹ di líńkéèjì náà mú, kí ẹ sì mì í kíkankíkan. Èyí tó dára kò ní dún rárá, èyí tó ti gbó á máa dún kọ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé ọwọ́ lé orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti dì mọ́ ara ọkọ̀ lókè, kí ẹnì kejì sì máa yí sítíárìn. Bí ẹ bá gbọ́ gàn-ùn, tí ohun kan sì fò lábẹ́ ọwọ́ yín, rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì ni ìṣòro yín, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ẹ tún wo ojú táyà. Táyà tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo ti jẹ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì dára ń sọ fún yín pé táyà náà kò dúró déédéé mọ́, ó sì lè jẹ́ pé bọ́ṣì (rọ́bà tó wà níbi tí lọ́wà áàmù ti dì mọ́ abẹ́ ọkọ̀) tàbí ojúkò kan tó ti ṣò ló fà á.

Jáàkì àti ilẹ̀ tó gbé e dúró

Ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun èlò lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti da kọ́ńkéré, tó sì tẹ́jú. Bí ilẹ̀ pupa lásán ló wà nínú ọgbà yín, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ tí òjò ń rọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ jáàkì á máa rì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, ẹ fi pákó tó nípọn, tó sì fẹ̀, sábẹ́ jáàkì àti sábẹ́ sítáńdì. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ dúró rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń túká. Irin sítáńdì méjì tàbí ìtí igi tó lágbára ló tọ́. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè nìkan, kò wà fún kí ènìyàn sùn sábẹ́ ohun tó gbé.

Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi jíà sí P tàbí sí ẹyọ kìíní, kí ẹ sì fi igi sé táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó gbé ọkọ̀. Ẹ gbé iwájú méjèèjì sókè, kí ẹ gbé e ka orí sítáńdì, kí ẹ sì ti ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú èjìká yín kí ẹ tó sún mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí yóò bá ṣubú, ìgbà yìí ni kó ṣubú. Táyà tí ẹ bá yọ, ẹ fi í sùn sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò kejì.

Kí ẹ tó yọ táyà náà, ẹ lò ó fún àyẹ̀wò. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sì mì í: bí ó bá ń mì gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀, ẹ wo orí táìrọ́ọ̀dù. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ tún mì í. Bí ó bá mì bẹ́ẹ̀ níbí, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bẹ́árìn họ́ọ̀bù lè ti gbó, ọ̀nà kan tó rọrùn sì wà láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ ń mì táyà náà. Bí mímì gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn ni, nítorí pé bíréèkì ti so apá tó ń yí pọ̀ mọ́ nọ́kùlù. Bí ó bá ṣì ń mì bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Ẹ fi ọ̀pá irin gígùn ti ìsàlẹ̀ táyà sókè, kí ẹnì kejì sì máa wo ojúkò bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Bí ó bá ń gòkè tó ń sọ̀ nínú ilé rẹ̀, kò sí ohun tó kù ju kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ. Rọ́bà tó bò ó pẹ̀lú, bí ó bá ti ya, omi àti ẹrẹ̀ ti wọ inú gíríìsì rẹ̀, ẹ má sì retí pé yóò pẹ́ mọ́.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ń mì gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe àfaradà. Ọjọ́ tó bá já, táyà á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀ lórí eré, sítíárìn kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ẹni tó bá rí èyí nígbà àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà lọ ra ẹ̀yà. Kí ó gun ọ̀kadà tàbí kí ó wọ takisí.

Rírà ẹ̀yà

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ nígboro Òṣogbo ló ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Èkó wá, bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó àti ayédèrú sì jọ ń wà nínú páálí kan náà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú ẹ̀yà àtijọ́ lọ́wọ́, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọdún ọkọ̀ yín. Èrò tèmi ni pé a kò gbọdọ̀ ra tòkunbọ̀ fún ohunkóhun tó bá ní rọ́bà tàbí bọ́ọ̀lù nínú, nítorí pé ọdún tó ti lò lókè òkun kò hàn lójú. Irin lásán, bíi nọ́kùlù, lè jẹ́ tòkunbọ̀ láìsí ìṣòro tí kò bá tẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí orí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tuntun kí ẹ tó sanwó. Ó yẹ kó le díẹ̀, kó sì máa yí láìdúró lójú kan, kò sì gbọdọ̀ mì gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀. Píìnì tó ń dè é lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun pẹ̀lú. Líńkéèjì àti ṣọ́ọ̀kì, ẹ ra méjì-méjì, torí ọ̀nà kan náà ni ọ̀tún àti òsì jọ rìn.

Líńkéèjì

Èyí ló rọrùn jù, mo sì gba ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ níyànjú kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò lára tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí ara irin ká tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé) gbogbo nọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́ tú, kí ẹ sì fín epo tó ń tú ìpẹtà sí i. Líńkéèjì ní nọ́ọ̀tì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń tú u, ọ̀pá àárín rẹ̀ lè máa bá nọ́ọ̀tì yí. Ihò kékeré kan wà lórí ọ̀pá náà tí álíńkíì (irin onígun mẹ́fà) máa ń wọ̀, ẹ fi álíńkíì dì í mú, kí ẹ sì fi sípánà yí nọ́ọ̀tì. Bí ìpẹtà bá ti bà á jẹ́, ẹ fi ayùn irin gé e, nítorí pé ẹ kò ní lò ó mọ́. Táyà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i. Bí ọ̀kan bá wà nílẹ̀, ọ̀pá náà á ti lọ́, ihò kò sì ní bá ara wọn mu.

Orí táìrọ́ọ̀dù

Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdènà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó yọ orí rẹ̀ kúrò lára nọ́kùlù, nítorí pé bí ó bá ti bọ́, kò sí ohun tí yóò dì í mú fún yín mọ́. Ẹ ka iye tírẹ́ẹ̀dì tó hàn síta, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún ka iye ìgbà tí orí náà yí kó tó jáde. Iye kan náà ni tuntun gbọ́dọ̀ fi wọlé. Ìwọ̀n yìí kò ní kí ẹ má ṣe aláìnmẹ́ǹtì (títún táyà tò kí wọ́n lè dúró déédéé), ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ọkọ̀ lè rìn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ náà láìjẹ táyà.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì

Ní Corolla tí mo sọ, bóòtì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló de bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mọ́ lọ́wà áàmù, nọ́ọ̀tì onígun bí adé ló sì dè é mọ́ nọ́kùlù. Ẹ na píìnì náà, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì adé náà títí yóò fi ku bíi tírẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ tán. Orí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ṣóńṣó, ó sì há mọ́ ihò nọ́kùlù gan-an. Òòlù ló ń tú u, ibi tí a sì ń lu ló ṣe kókó: ẹ lu ẹ̀gbẹ́ nọ́kùlù níbi tó yí ihò náà ká, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú agbára, nígbà tí ọ̀pá irin bá ń fa lọ́wà áàmù sísàlẹ̀. Irin náà á gbọ̀n, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Nọ́ọ̀tì tí ẹ fi sílẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí áàmù fò lu yín. Ẹ má lu orí tírẹ́ẹ̀dì, kò ní jáde bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò wú.

Nígbà tí nọ́kùlù bá ti dá wà, ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíríìn. Bí ẹ bá jẹ́ kó fà síta jù, ṣáàfútì tó ń yí táyà lè yọ nínú jọ́ìntì rẹ̀ lọ́hùn-ún, iṣẹ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀ á wá kún èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ ṣọ́ họ́ọ̀sì bíréèkì pẹ̀lú, àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì) bí ọkọ̀ yín bá ní i. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù.

Kí tuntun tó wọlé, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ihò nọ́kùlù títí yóò fi mọ́. Ẹ má fi gíríìsì síbẹ̀, torí kí irin há mọ́ irin ni a fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì tó wà lára áàmù sí i, kí ẹ tó fi nọ́ọ̀tì adé sí orí. Ẹ fún un le dáadáa. Bí ihò píìnì kò bá bá àlàfo adé mu, ẹ fún un síwájú díẹ̀ sí i títí wọn yóò fi bára mu, ẹ má ṣe tú u padà sẹ́yìn láé. Ẹ wá fi píìnì tuntun sí i, kí ẹ sì tẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́wà áàmù àti bọ́ṣì rẹ̀

Bí bọ́ṣì bá ti ya, ọkọ̀ á máa dún gbì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, ó sì lè máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Títẹ bọ́ṣì tuntun wọ inú áàmù nílò ẹ̀rọ tí kò sí nílé, nítorí náà, odindi áàmù tó ti ní bọ́ṣì lára ni kí ẹ rà. Ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ wo bóòtì iwájú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bóòtì náà kò ní àyè láti jáde àfi tí wọ́n bá sọ irin tó gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ díẹ̀, bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún mẹkáníìkì.

Ohun tó ń pa bọ́ṣì tuntun láìtọ́jọ́ ni bí wọ́n ṣe ń fún bóòtì rẹ̀. Rọ́bà náà lẹ̀ mọ́ irin kékeré tó wà ní àárín rẹ̀, bóòtì sì ń mú irin náà kó má yí mọ́. Bí ẹ bá fún un le nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro lófuurufú, ibẹ̀ ni rọ́bà á gbà gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá sì sọ̀kalẹ̀, yóò wà ní lílọ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi ya. Nítorí náà, ẹ fi bóòtì sí i ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ fi jáàkì gbé abẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì sókè títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ kúrò lórí sítáńdì, ìgbà náà ni kí ẹ wá fún un le. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, ó sì ń dùn mí, nítorí pé oníbàárà ló ń padà san owó bọ́ṣì mìíràn láìmọ ìdí.

Ṣọ́ọ̀kì

Nọ́ọ̀tì mẹ́ta lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bóòtì ńlá méjì nísàlẹ̀ ló dè é mú, bóòtì ìsàlẹ̀ yìí sì gba 153 Nm nínú Corolla (Nm ni òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì). Ẹ yọ líńkéèjì àti ìdè họ́ọ̀sì bíréèkì kúrò lára rẹ̀, ẹ tú bóòtì ìsàlẹ̀, kí ẹnì kan sì di òpó náà mú kí ẹ tó tú mẹ́ta tòkè. Nọ́ọ̀tì kẹrin tó wà láàárín àwọn mẹ́ta náà ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òun ló sé sípíríìn mọ́ inú, agbára tó wà lára sípíríìn náà sì lè pa ènìyàn bí ó bá jáde lójijì. Ẹ gbé odindi òpó náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún sípíríìn pọ̀, kí wọ́n bá yín pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti rọ́bà orí rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà wá dè.

Dídá táyà padà àti dídán ọkọ̀ wò

Nọ́ọ̀tì líńkéèjì gba 74 Nm, ti orí táìrọ́ọ̀dù gba 49 Nm, ti táyà sì gba 103 Nm pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì 21. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára lè fojú díwọ̀n rẹ̀: lórí sípánà tó gùn ní ìdajì mítà, 103 Nm jẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó tó ẹrù bíi kìlógíráàmù 21. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gun orí sípánà. Ẹ máa fún nọ́ọ̀tì táyà ní ìdojúkọra, kì í ṣe yíyípo, kí ẹ sì parí fífún wọn nígbà tí táyà bá ti kan ilẹ̀.

Ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ ládùúgbò lákọ̀ọ́kọ́, gíláàsì wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà tí ọkọ̀ pọ̀ sí bíi Òkè-Fìà tàbí Ọláìyá. Bí ìró kan bá kù, ẹ má ra ohunkóhun mọ́ títí ẹ ó fi tún ṣe àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe aláìnmẹ́ǹtì láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí ẹ bá pààrọ̀ ohunkóhun yàtọ̀ sí líńkéèjì, ẹ má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé sítíárìn dúró gbọọrọ láàárín. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì táyà àti gbogbo bóòtì tí ẹ tú, kí ẹ sì wò ó bóyá píìnì bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí.